Ìkòkò tí Ìyá Mi Fi Dé Ihò Èéfín

Èmi tí ẹ ń wò yìí, èmi ni mo kọ́ èéfín Lọ́ńdọ̀nù ní ìwà. Kí n tó dé, ẹnu ọ̀nà iwájú ni èéfín ń gbà jáde ní gbogbo Peckham. Yóò kí aládùúgbò, yóò bá ọlọ́pàá ṣàwàdà, yóò wọ bọ́ọ̀sì láìsanwó. Èmi ni mo pàṣẹ pé kó máa gba òkè. Ọ̀kan wà tó ṣorí kunkun, tó ti sá dé Elephant and Castle. Mo dúró lẹ́nu Rye Lane, mo pè é lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó padà wá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, n ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́." Láti ọjọ́ yẹn, kò sí èéfín kan ní apá ìhín odò tí kì í yà fún mi lọ́nà.

Ọmọ mi obìnrin, tí a bí síbí, ti gbọ́ ìtàn yìí débi pé ó lè bá mi parí ẹ̀. Yóò ní, "Daddy, ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé irọ́ ni."

Mo máa ń dá a lóhùn pé, "Irọ́ wo? Lọ bi èéfín."

Ṣùgbọ́n òtítọ́ díẹ̀ wà nínú ẹ̀. Òtítọ́ ni pé ihò èéfín ni mo fi ọ̀pọ̀ ọdún yà sórí ìwé, fún àwọn ilé onígi. Àwọn òyìnbó kan wà lórí àwọn òkè tó wà lẹ́yìn Peckham tí wọ́n fẹ́ràn ilé onígi: òpó igi, ògiri igi, àjà igi. Inú ilé onígi yìí náà ni wọ́n tún fẹ́ dá iná igi sí. Ẹ rò ó wò ná: ẹni tó wọ aṣọ òwú, tó wá ní kí ẹ bá òun ki ògùṣọ̀ bọ àpò. Iṣẹ́ tiwa ni kí iná jó, kí èéfín jáde, kí ilé má sì mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Ìwé mẹ́rin ni mo kà. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n, kí ẹ má baà máa retí ohun tí kò sí lọ́wọ́ mi. Ohun tí mo mọ̀ nípa èéfín, ilé ìdáná ìyá mi ni mo ti mọ̀ ọ́n.

Bàbá mi ló kọ́ ilé ìdáná yẹn sẹ́yìnkùlé wa: òpó igi mẹ́rin, pákó ni ògiri, páànù lórí. Bí ìyá mi bá ń dáná, bí ẹni pé ìkùukùu wọlé wá bá a ṣeré ni. A ó máa gbọ́ ohùn rẹ̀, a ò ní rí i.

"Ta ló dúró síbẹ̀ yẹn?"

"Èmi ni, Ìyá."

"Ìwọ ta ni? Ṣé èéfín ń jẹ́ èmi ni?"

Bí ó bá jáde, ojú rẹ̀ á ti pọ́n koko, omi á máa dà lójú rẹ̀ wàràwàrà, á sì fi etí ìró nù ún. A máa ń rò pé ó ń sunkún. Ìgbà míì, mo rò pé ó ń sunkún lóòótọ́, ó kàn ń fi èéfín bojú ni. Nítorí náà, nígbà tí mo di ẹni tó ń ya ihò fún èéfín òyìnbó, ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi iṣẹ́ náà ṣe. Mo fẹ́ kí ìyá mi jókòó nídìí ààrò tí èmi ya ihò èéfín sí, kó dáná, kí ojú rẹ̀ gbẹ, kó sì sọ fún mi pé ó dára. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti fi ilé sílẹ̀ láti ìgbà tí irùngbọ̀n mi ò tíì hù dáadáa, mi ò sì ní nǹkan mìíràn tí mo lè mú padà lọ bá a tí kò ní jẹ́ ohun tí gbogbo ọmọ ń fi ránṣẹ́.

Lábẹ́ afárá rélùwéè kan, níbi iṣẹ́ àwọn tó ń kọ́ ilé onígi, ni mo ti kọ́ṣẹ́. Mi ò tilẹ̀ lọ síbẹ̀ láti kọ́ṣẹ́, ilẹ̀ ni mo lọ gbá. Bí mo bá ti kírun àsùbáà tán, màá mú ìgbálẹ̀ mi, màá lọ gbá lẹ́búlẹ́bú pákó tí wọ́n rẹ́ lánàá. Ọ̀gá tó ni ibẹ̀ jẹ́ òyìnbó arúgbó kan tó gùn bí ọ̀pẹ, tí sìgá ti bà á lóhùn jẹ́ débi pé bó bá ń sọ̀rọ̀, ẹ ò ní mọ̀ bóyá òun ni tàbí ayùn.

Lọ́jọ́ kan, ó gbé ààrò irin tuntun kalẹ̀, ó to páìpù lé e lórí títí ó fi yọ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá, ó pe àwọn tó fẹ́ rà á pé kí wọ́n wá wò ó. Ó ṣáná sí i. Èéfín gun páìpù díẹ̀, ó dúró, ó ronú, ó sì padà wálẹ̀ wá bá wa. Gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ọ̀gá gun àga, ó lu páìpù, ó wo inú rẹ̀, ó bú u tìyátìyá. Páìpù ò dáhùn.

Èmi fara ti ìgbálẹ̀, mo ń wòye. Òtútù mú lọ́jọ́ náà, wọ́n ti ti gbogbo ilẹ̀kùn pa. Ẹ̀rọ ńlá tó ń fa lẹ́búlẹ́bú pákó jáde sì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ní kọ̀rọ̀. Mo rántí ìyá mi. Bí a bá ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná, yóò pariwo mọ́ wa pé, "Ẹ ṣí i! Iná ń mí. Bí ẹ bá dì í nímú, ẹnu ló máa fi mí sí yín lójú!" Mo rìn lọ sí kọ̀rọ̀, mo pa ẹ̀rọ náà. Mo wá ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀, kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ. Èéfín yíjú padà, ó gba òkè lọ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ọ̀gá sọ̀ kalẹ̀ lórí àga. "Ta ló kọ́ ẹ?"

"Ìyá mi ni."

"Ilé ìwé wo ni ìyá ẹ lọ?"

"Ilé ìdáná."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́, ó wúkọ́ títí ó fi jókòó. Ó ní, "Ọ̀rẹ́, láti ọ̀la lọ, gbé ìgbálẹ̀ yẹn jù sílẹ̀."

Mi ò jù ú sílẹ̀ o. Odindi ọdún ni mo fi ń gbálẹ̀ tí mo tún ń yàwòrán, nítorí ta ló mọ̀ bóyá inú rẹ̀ máa yí padà?

Ẹ̀yìn lẹ́tà káńsù ni mo ń yàwòrán sí. Ìgbà yẹn ni wọ́n fẹ́ wó ilé wa ní North Peckham Estate, lẹ́tà wọn ò sì dáwọ́ dúró: a ń bọ̀ wá kó yín, a kò tíì lè kó yín, ẹ fọwọ́ síbí, ẹ dúró ná. Bí lẹ́tà bá ti ní wọ́n ń bọ̀ wá wó ilé, màá yí i padà, màá ya ilé sẹ́yìn ẹ̀. Ìyàwó mi, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ, á ní, "Bí wọ́n bá béèrè lẹ́tà yìí, kí lo máa fún wọn?" Mo ní, "Màá fún wọn ní ilé."

Bí mo ṣe ń ya ihò èéfín nìyí. Mo gbà pé páìpù gbígbóná àti igi, àna ni wọ́n. Àna kì í jókòó pọ̀ lórí ẹní kan. Wọ́n lè máa gbé inú ilé kan náà fún ogójì ọdún, bí àyè ọ̀wọ̀ bá ti wà láàárín wọn, ìjà ò ní ṣẹlẹ̀. Nítorí náà, páìpù méjì la máa ń lò, ọ̀kan nínú èkejì, a ó ki òwú tí wọ́n fi òkúta ṣe, tí iná kì í ràn, sáàárín wọn. Níbi tó bá ti la àjà igi kọjá, a ó fi àyè sílẹ̀ yí i ká, a ó sì fi irin pẹlẹbẹ dí etí àyè náà kí iná má rọ́nà yọ́ gùn. Oríkèé páìpù kankan ò gbọdọ̀ wà nínú àjà níbi tí ojú ò ti lè tó o. Ọ̀gá fẹ́ràn ọ̀rọ̀ àna yẹn púpọ̀. Bí oníbàárà bá ti ń sún pẹpẹ ìwé mọ́ páìpù, á ní, "Rárá o, àna ẹ nìyẹn."

Ìkejì, mo gbà pé àgbàlagbà ni èéfín. Ó lè gun òkè, ṣùgbọ́n ẹ má ní kó yà sọ́tùn-ún, kó yà sósì, kó tó débẹ̀; á rẹ̀ ẹ́, á jókòó sójú ọ̀nà, dúdú bíi ti ìdí ìkòkò á sì lẹ̀ mọ́ ibi tó jókòó sí. Ẹ jẹ́ kó lọ tààrà, ẹ jẹ́ kó ga ju ṣóńṣó òrùlé lọ, kí atẹ́gùn má baà tì í padà.

Ẹ̀njiníà kan wà tó ń fọwọ́ sí àwòrán wa, torí òfin. Ọjọ́ méjì ni yóò fi ṣírò kó tó bá mi níbi tí mo ti jókòó dè é. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo ṣì í ṣe. Mo ya ọ̀kan tó ń fa èéfín jù. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ dáná sí i, ó fa èéfín, ó fa fìlà baálé, ó fa ológbò wọn, ó sì fa ìrẹsì tó wà lórí tábìlì. Nígbà tí wọ́n máa rí ológbò náà, Walworth ló wà, lórí òrùlé bọ́ọ̀sì, ó dé fìlà, ó ń jẹ ìrẹsì.

Ìyá mi kì í lóye iṣẹ́ mi. Lórí fóònù ni a ti ń sọ ọ́.

"Iṣẹ́ wo lo tilẹ̀ ní o ń ṣe?"

"Mò ń ṣe ihò fún èéfín, Ìyá."

"Ṣé èéfín ò mọ̀nà níbẹ̀ ni?"

"Wọ́n ti dí gbogbo ilé pa ni, nítorí òtútù."

"Wọ́n dí ilé pa, wọ́n wá ń sanwó fún ọ kí o dá a lu?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Ọlọ́run tóbi."

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ikọ́, mo sì mọ̀ pé ilé ìdáná ló wà. Mo bi í pé ojú ńkọ́. Ó ní ojú wà níbi tí ojú ń wà. Àbúrò mi ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé ojú ọ̀tún rẹ̀ ti ń ṣú, pé kò fi bẹ́ẹ̀ dá ènìyàn mọ̀ lójú ọ̀nà mọ́, ohùn ló fi ń mọ̀ wọ́n.

Mo ní, "Màá wá ṣe tiyín."

"Ìgbà wo?"

"Láìpẹ́."

"Láìpẹ́ tiẹ̀ yẹn ti hu irùngbọ̀n."

Irùngbọ̀n náà tilẹ̀ ti funfun kí n tó lọ. Ọ̀gá ló gé páìpù náà fún mi, irin tó dára tí kì í dípẹtà, ó sì kọ̀ láti gba nǹkan kan. Mo kó o sínú àpò ńlá, mo ki ọṣẹ, tíì àti ìbọ̀sẹ̀ sínú ihò páìpù kí àyè má ṣòfò. Ní pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà, aṣọ́bodè kan fọwọ́ kan àpò.

"Bàbá, kí lèyí? Ìbọn ńlá ni?"

"Ìbọn ni," ni mo wí. "Ọṣẹ ni ọta ẹ̀."

Ó yọ ọta kan, ó ní kí n máa lọ.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ṣe é. Mo wọn gbogbo nǹkan: mo wọn òpó, mo wọn ìjìnnà páìpù sí pákó, mo wọn páànù, mo wọn gíga rẹ̀ sí igi ìyeyè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Mo fi amọ̀ mọ ògiri yí ààrò ká, mo fi páànù ṣe ìbòrí bí agbòòrùn lókè rẹ̀ kó lè kó èéfín jọ, mo sì to páìpù láti ibẹ̀ lọ sókè. Aládùúgbò kóra jọ. Ìyá mi jókòó lórí àpótí rẹ̀ níta, ó kọ ẹ̀yìn sí wa, ó ń bó ẹ̀gúsí, bí ẹni pé ilé ìdáná ẹlòmíràn la ń dá lu.

Nígbà tí mo parí, mo ní, "Ìyá, ẹ wá dáná."

Ó wọlé. Ó to igi, ó ṣáná. Èéfín kóra jọ lábẹ́ agbòòrùn, ó rí ọ̀nà, ó gbéra. Níta, àwọn ènìyàn hó yèè, nítorí wọ́n rí i tó yọ lórí páànù, tó dúró ṣánṣán bí òpó. Nínú ilé, mo rí ìyá mi. Mo rí i, ẹ gbọ́. Gbogbo ayé mi, mi ò tíì rí ojú ìyá mi nídìí ààrò rí. Ó ní ilà kékeré kan lẹ́bàá ẹnu tí mi ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ojú rẹ̀ gbẹ.

Mo dúró, mò ń retí ọ̀rọ̀ mi.

Ó ní, "Ó mọ́lẹ̀ níbí."

"Ṣé ó dára?"

"Mo ní ó mọ́lẹ̀." Ó wá gbójú sókè. "Àgbàdo mi ńkọ́?"

"Kí ló ṣe àgbàdo?"

"Ta ni yóò máa rú èéfín sí i?"

Mo rẹ́rìn-ín. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ìyá, àgbàdo kì í fa sìgá."

Lókè ààrò ìyá mi, lábẹ́ páànù, àjà kan wà tí wọ́n fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe. Ibẹ̀ ni irúgbìn àgbàdo rẹ̀ ń gbé, wọ́n fi háhá so wọ́n mọ́ra ní méjì-méjì, wọ́n fi kọ́ igi. Ìyá tirẹ̀ ló fún un ní irúgbìn yẹn nígbà tó ń lọ ilé ọkọ. Lọ́dọọdún ló ń gbìn ín, lọ́dọọdún ló ń yan èyí tó dára jù nínú ìkórè, tó ń gbé e padà sórí àjà. Háhá wọn dúdú bí ìdí ìkòkò, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bó o, funfun ni ọmọ inú rẹ̀, ó ń dán bí eyín. Èéfín ló ń tọ́jú rẹ̀. Kòkòrò kì í lè wọ ibi tí èéfín ń gbé. Abẹ́ àjà yẹn ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ní láti kọ́ mi. Ẹnu àwọn òyìnbó orí òkè ni mo ti kọ́ pé ìdọ̀tí ni èéfín, pé iṣẹ́ kan ṣoṣo tó wà fún un ni kó jáde. Mo wọn gbogbo nǹkan, mi ò wọn àjà.

Mo padà sí Peckham. Òjò rọ̀ nílé, òjò dá. Lọ́jọ́ kan mo pè é.

Ó ní, "Wọ́n ti jẹ ẹ́."

"Ta ló jẹ kí ni, Ìyá?"

"Kòkòrò. Àgbàdo ìyá mi. Mo bó o, ìyẹ̀fun ló dà sí mi lọ́wọ́. Èyí tó kù kò kún àtẹ́lẹwọ́. Igi àjà náà ti ń lu. O dá ihò fún èéfín, kòkòrò ní tàwọn ńkọ́."

Mo gbé fóònù sí etí kejì, òun sì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ:

"Mo ti ní kí wọ́n gun orí páànù, kí wọ́n fi ìkòkò dé páìpù yẹn lórí. Mo sì ti ká agbòòrùn rẹ kúrò."

"Ìyá! Ojú yín ńkọ́?"

"Ojú mi?" ni ó wí. "Ojú tí kì í rí ọ, kí ni mo fẹ́ tọ́jú ẹ̀ fún?"

Kì í ṣe pé ó fi ìbínú sọ ọ́. Bí ẹni tó ń sọ pé iyọ̀ ti tán ló ṣe sọ ọ́. Káàdì tí mo fi ń pè sì tán lórí ọ̀rọ̀ yẹn, mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú fóònù létí, obìnrin inú ẹ̀rọ ń sọ fún mi lédè òyìnbó pé àkókò mi ti parí.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo ṣe iṣẹ́ tó dára jù lọ láyé mi, èyí kì í sì í ṣe fáàrí. Mo ya ihò èéfín tó ní ilẹ̀kùn nínú. Irin pẹlẹbẹ kan ni, tó ní ọwọ́. Bí ẹ bá fà á síta, ọ̀nà òkè á dí, èéfín á yà sábẹ́ àjà, á bá àgbàdo gbé fún ìwọ̀n ìgbà tí ẹ bá fẹ́, ẹ̀yin á sì ti jáde sí ìta gbangba. Bí ẹ bá tì í padà, èéfín á gbéra lọ sókè, ẹ lè wọlé wá se ọbẹ̀ yín. Mo yà á, mo fà á ya, mo tún un yà. Gbogbo lẹ́tà káńsù tán, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yà á sí ẹ̀yìn páálí ìpápánu.

Ọ̀gá fi ojú awò rẹ̀ wò ó títí.

"Ọ̀rẹ́, gbogbo ayé mi ni mo fi lé èéfín jáde. Ìwọ wá fẹ́ kó jókòó jẹun."

"Kó kàn jókòó díẹ̀, kó wá máa lọ."

"Bí àlejò."

"Bí ọmọ tó wà lókè òkun," ni mo wí.

Kò rẹ́rìn-ín. Ó mú irin, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé e. A dán an wò lábẹ́ afárá, pẹ̀lú àgbàdo tí mo rà ní Rye Lane. A fà á, èéfín yà. A tì í, èéfín gun òkè. Rélùwéè kọjá lórí wa, gbogbo nǹkan gbọ̀n, àgbàdo ń mì lókè bí ẹni tó ń jó. Fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ibẹ̀ ń rùn bí ilé wa. Mo ní lẹ́búlẹ́bú pákó ló wọ̀ mí lójú.

Mo fi ìwé ìròyìn wé irin náà, mo fi okùn dì í, mo fi rán ẹnì kan tó ń lọ sílé. Mo ṣàlàyé lórí fóònù fún ìyá mi bí wọ́n á ṣe fi síbẹ̀: kí wọ́n gbé agbòòrùn padà, kí wọ́n ṣí ìkòkò kúrò lórí páìpù, kí wọ́n ki irin bọ ojú ihò rẹ̀. Nígbà tó yá, ó pè mí fúnra rẹ̀, èyí tí kì í ṣe.

Ó ní, "Mo ti ṣí ìkòkò kúrò."

"Ṣé ó ń ṣiṣẹ́?"

"Ọjọ́ Jímọ̀ ni mo máa ń jẹ́ kó gba òkè. Àwọn ọjọ́ yòókù, ti àgbàdo ni."

"Kí ló dé tó fi jẹ́ Jímọ̀?"

"Mo ní kó wá bá ọ kí o tó wọ mọ́ṣáláṣí. Mo ní kó wò ọ́ bóyá o jẹun." Ó wá ní, "Ihò náà dára, ọmọ mi."

Ọ̀gá ti kú báyìí. Wọ́n ń ta kọfí lábẹ́ afárá wa, àwọn ọmọdé onírùngbọ̀n ni wọ́n ń mu ún. Fúláàtì tí káńsù kó wa sí ò ní ààrò, kò ní ihò èéfín, gbogbo ògiri rẹ̀ jọ ara wọn. Bí mo bá dín ẹyin tó jóná díẹ̀, ẹ̀rọ kan lókè àjà á fi ariwo fẹ̀sùn kàn mí. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, bí mo bá kírun tán, mi ò kì í lọ sílé tààrà. Màá rìn lọ sí Rye Lane, màá dúró, màá gbé imú sókè. Ìgbà kan wà tí èéfín igi gbá mi nímú, mo tẹ̀ lé e kọjá òpópónà méjì, ọmọ mi obìnrin ń sáré tẹ̀ lé mi.

Ọ̀dọ̀ ọkùnrin ará Jàmáíkà kan tó ń yan adìyẹ nínú àgbá ló já sí.

"Daddy," ni ó wí, "adìyẹ ni."

"Mo mọ̀."

"Kí lẹ wá ń wá?"

Mo ní kó ra ẹsẹ̀ kan fún mi.

Ó yẹ kí n wá sọ èyí tó jẹ́ irọ́. Ti èéfín tó dọ̀bálẹ̀ àti ti ológbò, ẹ ti mọ̀, ẹ̀yin náà kì í ṣe ọmọdé. Ilé ìdáná, àgbàdo, kòkòrò, irin tí ọ̀gá gé, òtítọ́ ni gbogbo wọn. Ohun tó sọ nípa ojú rẹ̀, òtítọ́ ni, ìyẹn ni ì bá wù mí kó jẹ́ irọ́.

Nígbà tí ìyá mi kú, wọ́n ti sin ín, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn wa ti wí, kí ọkọ̀ òfurufú mi tó balẹ̀. Mo lọ sí ilé ìdáná. Ìkòkò wà lórí páìpù, omi òjò àti ewé ìyeyè ti di ìdọ̀tí yí ìdí rẹ̀ ká. Mo gbójú sókè wo àjà. Àgbàdo kún ibẹ̀, ó ti gbin àtẹ́lẹwọ́ kan yẹn títí ó fi pọ̀ padà. Láàárín wọn, ó fi háhá so ó mọ́ igi bíi tiwọn, mo rí irin mi. Ìwé ìròyìn Peckham ṣì wé e, kò tú okùn rẹ̀. Èéfín ti sọ ọ́ di dúdú bákan náà pẹ̀lú àgbàdo. Mo gbé e wálẹ̀, mo dì í mú díẹ̀, mo tún gbé e padà.

Kò ṣí ìkòkò yẹn rí. Kò pè mí. Ìgbà tí èmi bá pè tí mo sì béèrè irin, ohun tó máa ń sọ ni pé, "Ó wà lókè," á sì bi mí bóyá òtútù ti dínkù. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, àti pé ihò náà dára, èmi ni mo fi sí i lẹ́nu.